Àga Tí Ẹnikẹ́ni Kì Í Jókòó Lé

Ó kù kí n jókòó lé e. Ìyẹn nìkan ló kù.

Fáníìṣì ti gbẹ. Aṣọ tuntun náà lẹ̀ mọ́ fóòmù, kò hunjọ níbì kankan. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin balẹ̀ — mo tì í síwájú, mo fà á sẹ́yìn, kò mì. Àǹtí Rónkẹ́ tó fẹ́ rà á ti kúrò ní Ring Road. "Mo ti wà lọ́nà o, Zùwáírá. Ṣáà gbé e sítòsí géètì kí n má baà pẹ́, mo fẹ́ délé kí Dádì mi tó dé." Mo ní kò burú. Mo sì dúró síbí, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tí mo gbà ní Bódìjà, mo mú àkísà lọ́wọ́, mò ń nu ibi tí mo ti nù.

Bàbá tirẹ̀ ló ń rà á fún. "Ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀ wá gbé. Kò sì fẹ́ràn àga ìgbàlódé yìí, ó ní wọ́n ń gbé èèyàn mì."

Jókòó, Zùwáírátù. Àga ni.

Àga ni…

Èmi kì í ta àga tí mi ò bá tíì jókòó lé. Gbogbo ẹni tó ń bá mi rajà ló mọ̀. Àga àlòkù ni mò ń tún ṣe, mo sì mọ ohun tí àwọn kan ń ṣe nínú iṣẹ́ yìí. Wọ́n á kun ọ̀dà lé igi tí ikán ti jẹ nínú. Wọ́n á fi aṣọ dídán bo fóòmù tó ti di erùpẹ̀. Wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n á gbé e sórí Wáásàpù, ó di tuntun. Kò tọ́. Ẹni tó bá jókòó ti gbé gbogbo ara rẹ̀ lé ọ lọ́wọ́. Nítorí náà èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ jókòó. Mo máa ń jókòó bí ẹni tó sanra, mo máa ń jókòó bí ẹni tí inú ń bí. Màá gbé ara sọ́tùn-ún, màá gbé e sósì, màá fẹ̀yìn tì í pátápátá. Bó bá ké pẹ́nrẹ́n, màá tún un tú.

Èyí ńkọ́? Mo ti bó aṣọ ara rẹ̀. Mo ti dojú rẹ̀ dé sílẹ̀ bí ẹran tí wọ́n fẹ́ kun. Mo ti fi sáńpépà ha á títí èékánná mi fi dúdú. Mo ti gbé e mọ́ àyà láti inú yàrá wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí òjò ń rọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò jókòó lé e.

A kì í jókòó lé àga bàbá ẹni. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Mi ò rò pé wọ́n ń kọ́ ọmọ kankan, ọmọ tó ń rákò mọ̀ ọ́n. Nílé wa l'Ókè Àdó, èèyàn lè jókòó lórí ẹní, lórí àpótí, lórí fíríìjì tó ti bàjẹ́, lórí ẹsẹ̀ ẹlòmíì bó bá rí ààyè. Bàbá wa lè wà ní Mẹ́kà, kí àlejò kún pálọ̀, kí wọ́n máa dúró ti ògiri bí ẹni tó ń dúró de dókítà, àga yẹn á wà láàárín wọn lófìfo. Ológbò Ìyá Qoyum, ìyàwó kejì bàbá wa, ló sùn lé e lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n fi ìgbálẹ̀ lé e dé títì. "Ìwọ lo fẹ́ di Alíájì!" Gbogbo àdúgbò rẹ́rìn-ín. Bàbá mi pàápàá rẹ́rìn-ín.

Bàbá kò sì sí mọ́. Ta ni mo wá ń bẹ̀rù?

Kì í ṣe ẹ̀rù. Mo wo inú ara mi wò, mi ò rí ẹ̀rù níbẹ̀. Mi ò rí nǹkan kan. Bí ìgbà tí èèyàn bá sùn lé apá ara rẹ̀, tó jí, tó wá ń fi ọwọ́ kejì gbé e bí ẹni gbé ọwọ́ ẹlòmíì… bẹ́ẹ̀ ló rí. Láti ìgbà tí Qoyum, àbúrò mi, ti pè mí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa bọ̀ nílé." Kò sọ ìdí rẹ̀. Wọn kì í sọ ọ́. Ọjà pákó tó wà ní Bódìjà níbí ni mo wà, mò ń bá oníṣòwò kan fà á pé pákó tó gé fún mi kúrú ju ti ọkùnrin tó rà ṣáájú mi, owó kan náà la sì san. Mo gbọ́ "ẹ máa bọ̀ nílé." Mo ti fóònù bọ àpò. Mo sì parí ẹjọ́ pákó náà. Ó gé òmíràn fún mi, èyí tó pé. "Ẹ gbà, ìyá ẹ̀tọ́." Mo gbé e dání wọkọ̀ lọ sílé òkú.

Kí n tó dé Òkè Àdó, wọ́n ti sin ín. A kì í fi òkú Mùsùlùmí pẹ́ nílẹ̀, mo mọ̀. Mi ò lè torí ẹ̀ bínú sẹ́nì kan. Mo gbé pákó mi ti ògiri, mo wọlé, mo kí àwọn èèyàn. Mi ò sunkún. Mi ò tíì sun ún di bí mo ṣe ń wí yìí.

Mi ò rí ojú rẹ̀.

Etí òsì ni mo mọ̀. Bí mo bá dijú kí n rántí bàbá mi, etí òsì ló máa ń yọ, pẹ̀lú irun funfun méjì mẹ́ta tó wà nínú rẹ̀, àti ibi tí okùn awò ojú ti fà á. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ díẹ̀. Ẹ̀yìn ọrùn. Ẹlòmíì ní fọ́tò bàbá lórí, èmi ní etí.

Nítorí bí bàbá mi ṣe máa ń jókòó ni. Yàrá ìyá mi wà lápá òsì pálọ̀, yàrá Ìyá Qoyum wà lápá ọ̀tún. Àga wà láàárín gbùngbùn, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ó yẹ kó dọ́gba, àbí? Àga tó wà láàárín ìyàwó méjì. Ṣùgbọ́n kò sí ìrọ̀lẹ́ kan tí bàbá mi jókòó lé àga yẹn láàárín gbùngbùn. Ọ̀tún ni wọ́n máa ń rọ̀ sí. Ìgbọ̀nwọ́ wọn á wà lórí apá ọ̀tún àga, èjìká wọn á tẹ̀ sọ́hùn-ún, orí wọn á tẹ̀ lé e. Ọ̀hún ni Qoyum àti Nabeelah, ọmọ Ìyá Qoyum méjèèjì, máa ń tẹ́ ẹní sí, wọ́n á máa rí ojú, wọ́n á máa rí ẹ̀rín. Èmi wà lórí àpótí lápá òsì, níwájú yàrá ìyá mi. Èmi ń wo etí.

Àti nǹkan yẹn tí wọ́n máa ń bèèrè. Mi ò fẹ́ rántí ẹ̀ báyìí.

"Zùwáírá dà?"

Mo wà níbẹ̀! Mi ò jìnnà sí wọn ju ìwọ̀n apá kan lọ. Wọ́n á máa bèèrè mi lọ́wọ́ àwọn ará ọ̀tún. "Zùwáírá dà? Ṣé ó ti dé?" Qoyum á nawọ́ sí mi, á ní, "Ẹ̀yìn yín nìyẹn, Bàbá." Èmi á ní, "Mo wà níbí, Bàbá." "Ẹn-ẹ́n. O káre." Orí wọn á yí díẹ̀, kò ní yí dé ọ̀dọ̀ mi, á padà síbi tó wà. Ẹni tó ń bèèrè ọmọ tó jókòó ti ẹsẹ̀ rẹ̀… kí lèèyàn fẹ́ pe ìyẹn?

Ìyá mi mọ ohun tó fẹ́ pè é. "Ibi tí ọkàn èèyàn bá wà ni ara rẹ̀ máa ń tẹ̀ sí." Wọn ò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Àtíkè ni wọ́n ń pa nígbà yẹn. Mo kéré, mo gbà á, mo fi pamọ́. Bóyá òun náà ló sọ mí dà báyìí, tí mo fi máa ń wo ẹni tí wọ́n bu oúnjẹ fún ṣáájú, ẹni tí awakọ̀ fún ní ṣéńjì àti ẹni tó ní kó dúró. Wọ́n ní mo le. Mi ò le. Mo kàn fẹ́ kí nǹkan dọ́gba.

Ó yẹ kí n gbé e lọ sí géètì. Kí n jókòó, kí n dìde, kí n gbé e lọ sí géètì.

Àwọ̀ ewé tẹ̀tẹ̀ ni aṣọ tí mo fi bò ó. Ó dára. Mo mọ̀ pé ó dára, bí èèyàn ṣe máa ń mọ̀ pé ojú ọjọ́ dára láti ojú fèrèsé. Èyí tó wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti pọ́n, ó ti dán níbi tí orí máa ń wà. Mo gé e, mo ká a, mo kó o sínú àpò ìdọ̀tí. Èmi tí mo máa ń bá àga oní-àga sọ̀rọ̀ bí mo bá ń tú u — "pẹ̀lẹ́, ìyá, ta ló kan ìṣó báyìí sí ọ lára?" — mi ò sọ nǹkan kan. Mo ṣe é bí iṣẹ́. Nínú rẹ̀ mo bá ohun tí èèyàn máa ń bá. Bọ́tìnnì. Ẹyọ tẹ̀súbáà kan. Ìdérí báírò. Lábẹ́ ìjókòó, igi férémù ẹ̀gbẹ́ kan ti sán, àwọn rọ́bà tó yẹ kó gbé fóòmù dúró ti já lápá ibẹ̀. Ẹnì kan ti ká àpò ìrẹsì, ó kì í bọ inú ihò náà, ó fi okùn dì í mọ́ igi. Inú bí mi sí kápẹ́ńtà yẹn. Ìyẹn nìkan ni nǹkan tí mo tíì rí lára mi láti ọjọ́ yẹn, inú bí mi díẹ̀ sí kápẹ́ńtà ọ̀lẹ tó gbowó lọ́wọ́ arúgbó, tó wá ki àpò bọ ìdí àga. Mo gé okùn náà. Mo fa àpò náà jáde. Mo fi igi àfárá tuntun dípò igi tó sán, mo ta rọ́bà tuntun sí i. Ó wá le gírígírí.

Igi àfárá náà… ara pákó tí mo gbé lọ sílé òkú ni mo ti gé e. Mi ò tíì ronú nípa ìyẹn.

Rárá. Ohun tí mo ń ronú nípa rẹ̀ ni Nabeelah.

Ó fi ohùn ránṣẹ́ láàárọ̀. Mi ò tíì tẹ̀ ẹ́ gbọ́. Mo mọ ohun tó wà níbẹ̀, torí ohun tó sọ lọ́jọ́ tí a pín nǹkan bàbá náà ló máa tún sọ. Lẹ́yìn fídáù ni. Àbúrò bàbá mi, Bàbá Mọ́ṣúdù, jókòó lórí àga àlejò, wọ́n ní, "Ìdí igi méjì ni ẹ̀gbọ́n mi fi sílẹ̀. Ìyàwó kan, ìdajì. Ìyàwó kan, ìdajì. Ẹ jẹ́ ká pín in ká lọ jẹun." Ni mo bá dìde. Mo ní kò tọ́. Èmi nìkan ni ìyá mi bí, méjì ni Ìyá Qoyum bí. Bí a bá fi ìdí igi pín in, èmi nìkan á kó ìdajì, àwọn méjì á wá máa pín ìdajì tó kù. Mo ní kí wọ́n fi orí-ò-jorí pín in, kí ohun tó kan ọmọ kan kan ọmọ kejì.

Bàbá Mọ́ṣúdù pàtẹ́wọ́. "Ẹ wá wo ọmọ tó ń bá ara rẹ̀ ṣẹjọ́! Zùwáírá, ṣé ó dá ọ lójú pé o mọ apá ibi tó ò ń jà fún?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá mi dìde, wọ́n wọ yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo tẹ̀ lé wọn lọ, wọ́n ní, "Ìwọ tí ò ń gba ẹ̀tọ́ fún gbogbo ayé, ta ló gba tèmi fún mi rí?" Mo ṣe ohun tó tọ́. Mo ṣì rò pé ohun tó tọ́ ni mo ṣe.

Wọ́n pín in bí mo ṣe wí. Ó wá ku àga.

"Àga kò ṣeé là sí mẹ́ta," Bàbá Mọ́ṣúdù wí. "Ọkùnrin ilé ló ni ín. Qoyum, gbé àga bàbá ẹ." Mo ní kí ló dé tó fi jẹ́ ọkùnrin? Qoyum fúnra rẹ̀ ní òun ò fẹ́, ó ń wo ilẹ̀. Ni mo bá ní kí n gbé e. Mo ní iṣẹ́ mi ni, màá tún un ṣe, màá tà á, a ó pín owó rẹ̀ ní ọgbọọgba. Kò lẹ́jọ́ nínú.

Ni Nabeelah bá sọ̀rọ̀. Nabeelah kì í sábà sọ̀rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tà á. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò ní jókòó lé e. Kó ṣáà wà."

Mo sì wo ojú rẹ̀. Mo ní —

Ẹ̀gbẹ́ ibí yìí ò dán tó. Kí n fi àkísà nù ún.

Mo ní, "Ìwọ lo lè sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ń rí ojú wọn. Ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń kọ sí wa. Àní lórí àga yìí pàápàá, wọn ò fẹ́ wa."

Ìyá Qoyum ní, "Háà. Zùwáírátù. Háà." Wọ́n fa ìborùn wọn bojú. Ọjọ́ yẹn ni mo rí i pé ọjọ́ ogbó ti dé sí wọn. Nabeelah ò bá mi jà. Qoyum ló bá mi gbé àga náà sínú mọ́tò, òun ló fi okùn dì í. Bó ṣe so kókó tán, ó fọwọ́ gbá aṣọ àga náà, ó gbọn eruku rẹ̀ nù, bí ẹni ń gbọn eruku lára agbádá bàbá tó fẹ́ lọ Yídì.

Mo sì wò ó. Mi ò rí nǹkan kan lára mi.

Òtítọ́ ni mo sọ. Ìyẹn ni mo ń sọ fún ara mi. Bí òtítọ́ bá dun èèyàn, ó ṣì jẹ́ òtítọ́. Mo rí i, ojú mi ló ṣe, gbogbo ilé ló rí i. Qoyum ò jiyàn. Ìyá Qoyum ò ní "irọ́ ni." Ta ló fẹ́ jiyàn ohun tó wà lójútáyé? Ara wọn tẹ̀ sọ́tùn-ún.

Fóònù ń mì lórí bẹ́ǹṣì. Àǹtí Rónkẹ́ ni. "Mo ti dé ọjà Bódìjà o, àwọn onírú ti dínà mọ́ mi. Mò ń bọ̀."

Ó dáa. Ó yá. Mo jókòó, mo dìde, ó tán. Bí mo bá gbé e fún un láìjókòó, tó bá lọ ké lábẹ́ bàbá rẹ̀, tó bá já… kò tọ́. Bàbá oníbàbá. Àga ni. Igi àfárá, fóòmù, ìṣó, aṣọ. Bísímílà.

Mo jókòó.

…

Kò ké.

Kò ké rárá. Ó gbé mi dúró. Àwọn rọ́bà náà fà, wọ́n sì dá mi padà díẹ̀, bó ṣe yẹ. Ẹ̀yìn mi kan ẹ̀yìn rẹ̀. Apá méjèèjì rẹ̀ ga dọ́gba. Mo wà láàárín gbùngbùn. Mo ń wo géètì ní tààrà, géètì, àti igi máńgòrò ará iwájú, àti aṣọ tí wọ́n sá. Mo rò pé nǹkan kan á ṣẹlẹ̀. Kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Èèyàn kan jókòó lórí àga kan.

Ó kù kí n gbé ara sọ́tùn-ún, sósì, bí mo ṣe máa ń ṣe.

Òsì. Ó dúró.

Ọ̀tún. Mo gbé ìgbọ̀nwọ́ lé apá ọ̀tún, mo fi gbogbo ara rọ̀ sí i bí bàbá mi ṣe máa ń… Ó dúró. Kò gbà. Ìjókòó náà ń tì mí padà sáàárín. Mo tún rọ̀ sí i. Ó tún tì mí padà. Bí mo bá fẹ́ jókòó bí bàbá mi ṣe ń jókòó, àfi kí n máa fi agbára ṣe é, kí n fi ẹsẹ̀ òsì tẹ ilẹ̀, kí n máa ti ara mi. Ẹ̀gbẹ́ mi ti ń ro mí. Ta ló lè jókòó báyìí láti ìrọ̀lẹ́ dé ìrun ìṣá, lójoojúmọ́? Arúgbó wo ló lè —

Dúró.

Igi tó sán yẹn. Ẹ̀gbẹ́ wo ló wà?

Òsì ni. Òsì mi ló wà nígbà tí mo pàrọ̀ rẹ̀, mo rántí, ọwọ́ òsì ni mo fi dì í mú. Òsì ni… Ṣùgbọ́n mo ti dojú àga náà dé nígbà yẹn. Orí rẹ̀ wà nílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lókè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo sì dúró sí. Bí mo bá wá gbé e dúró padà, bí mo bá jókòó lé e bí mo ṣe jókòó yìí…

Ọwọ́ mi lọ sábẹ́ ìjókòó. Mi ò rán an níṣẹ́. Ó ń wá a. Igi tuntun máa ń ha èèyàn lọ́wọ́, n kò kun abẹ́ rẹ̀ ní fáníìṣì. Òsì: ó dán. Igi àtijọ́. Ọ̀tún —

Ó ha mí lọ́wọ́.

Ọ̀tún ni.

Ọ̀tún ni ihò náà wà. Wọ́n ń jókòó lé ihò.

"Àga yìí fẹ́ gbé mi dà nù o." Wọ́n máa ń sọ ọ́. Wọ́n máa ń sọ ọ́! Qoyum á ní, "Ọjọ́ orí ni, Bàbá, kì í ṣe àga." A ó rẹ́rìn-ín, àwọn náà á rẹ́rìn-ín. Ìyá mi á ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n pe kápẹ́ńtà." "Kó gbé àga mi lọ, kí n wá máa dúró bí sójà? Ẹ fi sílẹ̀." Wọn ò jẹ́ kí wọ́n pè é. Kò sí kápẹ́ńtà tó wọ ilé wa rí torí àga yẹn. Ta ló wá ki àpò ìrẹsì —

Okùn yẹn. Funfun ni. Ó fẹ̀ díẹ̀, ó ti rọ̀. Mo gé e láì wò ó. Okùn ṣòkòtò ni.

Àpò ìdọ̀tí ṣì wà níbẹ̀, lẹ́bàá ògiri, àwọn akódọ̀tí ò tíì wá. Mi ò dìde. Kò dìgbà tí mo bá dìde kí n tó mọ̀ ọ́n. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ lórí táìsì pálọ̀ nígbà tí kò sẹ́ni nílé. Wọ́n nawọ́ sábẹ́ àga wọn. Wọ́n ká àpò ìrẹsì, wọ́n fi okùn ṣòkòtò ara wọn dì í mọ́ ibi tó ń jìn sínú, kí wọ́n lè jókòó ní títọ́. Láàárín. Wọ́n ń wá àárín. Àpò náà ń tẹ̀ lábẹ́ wọn, wọ́n sì ń jìn lọ sápá ọ̀tún, a sì ń wò wọ́n. Mo jókòó lórí àpótí mi, mò ń kọ ọ́ sọ́kàn pé ibẹ̀ ni ọkàn wọn wà. Kò sí ọ̀kan nínú wa tó jókòó lé àga yẹn rí. A bu ọlá fún un débi pé a ò mọ̀ pé ó ti sán.

Wọn ò kẹ̀yìn sí wa. Wọ́n ń ṣubú ni.

Bóyá àwọn nǹkan mìíràn wà. Mi ò mọ̀. Bóyá wọ́n fẹ́ràn ọ̀hún jù lóòótọ́ nínú ọ̀rọ̀ mìíràn. Ìyẹn, mo ṣì lè bèèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí mo sọ lójú gbogbo wọn, èyí tí Ìyá Qoyum torí rẹ̀ fa ìborùn bojú, èmi tí mo ní mo kórìíra kí wọ́n ré ẹlòmíì jẹ… kì í ṣe òtítọ́. Àga ni mo fi ṣe ẹlẹ́rìí. Mi ò sì bi í léèrè.

Mo tún rọ̀ sọ́tùn-ún. Mo fi ẹsẹ̀ òsì ti ara mi, mo mú un dúró bẹ́ẹ̀, tipátipá. Ìgbọ̀nwọ́ sórí apá ọ̀tún. Èjìká sílẹ̀. Orí tẹ̀ lé e. Báyìí ni. Báyìí gan-an ni. Mo ń rí gbogbo apá ọ̀tún, gálọ́ọ̀nù ọ̀dà, bẹ́ǹṣì, hámà, gbogbo rẹ̀. Mo wá fẹ́ wo òsì, ibi tí àpótí kan ìbá wà. Mo yí ọrùn. Kò dé ibẹ̀. Mo tún yí i, iṣan ọrùn fà mí, èjìká ara mi ló dí mi lójú. Ibẹ̀ ò ṣeé rí láti ibí. Bí ọmọ kan bá jókòó síbẹ̀ tí kò sọ̀rọ̀, tó ń kùnrùngbùn, èèyàn ò ní mọ̀ bóyá ó wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Àfi kó bèèrè.

Àfi kó máa bèèrè lójoojúmọ́.

Fèrè mọ́tò ń dún ní géètì. Àǹtí Rónkẹ́ ń pè. "Zùwáírá! Zùwáírá dà? Ṣé ẹ wà nílé?"

Ẹsẹ̀ òsì mi ń gbọ̀n, mi ò sì gbé e kúrò nílẹ̀. Omi kan dé ẹnu mi, ó níyọ̀. Mi ò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀.

Mo wà níbí, Bàbá. Mo wà níbí.